Sí Bọ́sẹ̀dé, Kí Ó Tó Lọ Bímọ ní Ọjọ́bọ̀

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù.

Bọ́sẹ̀dé, Àwẹ̀ró mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì ń wú bí o ṣe sọ, gbé e lé àpótí, kí o ní kí Kọ́lé bu omi tútù fún ọ. Òun ni mo fi ìwé náà rán. Ó tún gbé nǹkan kan sẹ́yìn ọkọ̀ fún mi, mo fi aṣọ bò ó. Má bi í pé kí ni títí o máa fi kà á dé ìsàlẹ̀, torí mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ. Ọkọ rẹ wò mí bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ti ń ṣe mí. Bóyá ló purọ́.

O máa ní kí ló dé tí bàbá mi ò fi pè mí. Mo pè ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo pè, o gbé e, o ní, "Ẹ káàsán, bàbá mi," gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu sì fò lọ. Iṣu ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo sọ ti iṣu, mo sọ ti òjò, mo sọ ti ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wa, mo sì ní ó dàbọ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Ìyá rẹ mọ̀ mí sí i. Nígbà tó wà láyé, tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣu ju bó ṣe yẹ lọ nídìí oúnjẹ, á gbé ṣíbí kalẹ̀, á ní, "Tíṣà, kí ló wà lábẹ́ uṣu yẹn?" Màá rẹ́rìn-ín, màá sì sọ ọ́.

Ohun tó wà lábẹ́ iṣu ọjọ́ Ẹtì nìyí. Kọ́lé sọ fún mi pé o ò fẹ́ lọ ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ó ní dókítà ní Adó ti fún yín lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó ní ọmọ jókòó sínú, kò dorí kodò, àti pé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àkọ́kọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìrọbí lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní o gbà níwájú dókítà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe dé Emùré, o tú báàgì tí o ti dì, o dá àwọn aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, o ní o máa dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mi ò bínú sí ọ. Ẹ̀rù ló bà mí, Bọ́sẹ̀, ẹ̀rù náà sì ni mo fi jí lónìí.

Kùrukùru bo gbogbo òkè láàárọ̀ yìí. Láti ibi tí mo jókòó sí ní ìta, mi ò rí àpáta kankan, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n yí ilé ká. Ìlú dákẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé ìyá rẹ wà nínú ilé lọ́hùn-ún, ó ń wá gèlè. Tí ara èèyàn bá wà báyìí, ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn láti kọ, nítorí náà jẹ́ kí n kọ ọ́ kí oòrùn tó jáde.

Ohun kan ni kí n kọ́kọ́ sọ. Mi ò ní pa òwe kankan fún ọ. Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ kú, gbogbo ẹni tó wá kí ọ ló ń pa òwe kan náà, èyí tí ìwọ náà mọ̀. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ, wọ́n á mu omi, wọ́n á lọ. O ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà," ojú rẹ sì gbẹ. Èmi náà pa á, mo sì rí i pé kò dé ibì kankan lára rẹ. Èyí tí wọ́n ti pa fún ọ ti tó.

Ṣé o rántí àlá tí o rọ́ fún mi nígbà ọdún Àjíǹde? A wà nídìí igi ọsàn. O ní o máa ń rí ara rẹ tí o pọn ọmọ, tí o ń lọ ní ọ̀nà Ìṣẹ́, láàárín àwọn oko kòkó, ibẹ̀ tutù, ewé sì wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ. O ní ọmọ náà dákẹ́ lẹ́yìn rẹ, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, inú rẹ sì dùn. Ṣùgbọ́n tí o bá yí i síwájú pé kí o wò ó, kò ní ojú. Mo rántí bí o ṣe wí i. "Kò burú, bàbá mi. Kò bà mí lẹ́rù. Ó kàn dà bíi pé ẹni tó ń yà á kò tíì yà á tán."

Mo ní kí o gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo ní ká lọ wo iṣu.

Àlá yẹn ló padà sí mi lọ́kàn nígbà tí Kọ́lé sọ̀rọ̀. Ó rò pé ọ̀bẹ lò ń sá fún. Mo ní kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọmọ tó já bọ́ lórí igi gúrọ́fà, tí wọ́n rán orúnkún rẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, tó ń bi dísípẹ́nsà bóyá òwú náà máa yọ fúnra rẹ̀, mo mọ ọmọ yẹn. Mo bi Kọ́lé pé kí lo bi wọ́n ní ọsibítù. Ó ronú, ó ní o kàn bi nọ́ọ̀sì pé ṣé wọ́n máa ń ta aṣọ sí èèyàn láyà, nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni, o tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé ohun tó ń lé ọ nìyẹn. Aṣọ ni. O rò pé wọ́n á tún mú ọmọ jáde níbi tí ojú rẹ ò dé, wọ́n á tún gbé e gba ilẹ̀kùn kan lọ, ẹnìkan á tún di ọwọ́ rẹ mú pé kí o má wulẹ̀ wò ó. O ń rò pé tí o bá rọbí fúnra rẹ, ó kéré tán, o máa wà níbẹ̀.

Tí mo bá ṣì í, fa ìwé yìí ya, kí o jù ú nù. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo ṣì í.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́, ti aṣọ yẹn ni. Èmi ti sùn lẹ́yìn rẹ̀ rí. O rántí iṣẹ́ abẹ ìpá tí wọ́n ṣe fún mi, tí mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, tí gbogbo ìjọ sì ti gbọ́ kí n tó délé. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láti ìdodo dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì kú, ojú mi là kedere. Wọ́n ta aṣọ àwọ̀ ewé kan síwájú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti kúrò láyé. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Àwọn dókítà ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti ń gún iyán tó dáa jù ní Adó. Ọ̀kan lára wọn ò mọ ohun tó ń sọ rárá, mo fẹ́ dá sí i. Wọ́n ń fọwọ́ kàn mí, wọ́n ń fà mí síbí, wọ́n ń fà mí sọ́hùn-ún, kò dùn mí, ó kàn dà bíi pé ẹnìkan ń wá nǹkan nínú àpò mi. Ẹnìkan wà níbi orí mi tó ń wo ẹ̀rọ. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?" Ó sọ fún mi. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ló ń sọ fún mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ẹni tó bá wà níbi orí rẹ, bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó wọlé pàápàá, ìwọ àti Kọ́lé, ẹ sọ fún dókítà kó gbọ́ dáadáa pé, "Mo fẹ́ rí ọmọ mi kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi." Má fi tẹ̀ríntẹ̀rín sọ ọ́. Má ní "tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu." Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n nu ẹnu àti imú rẹ̀, torí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Kí ẹnìkan máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ títí wọ́n á fi gbé e dé ojú rẹ. Aṣọ yẹn kò ga. Ọmọ máa ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Èkejì. Èyí ni mi ò lè sọ lórí fóònù, òun náà ni mi ò lè sọ tí mo bá ń wo ojú rẹ.

Lọ́jọ́ tí o bí ọmọ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí o má rí i. Ìyá Kọ́lé ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì gbà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Wọ́n ní ìyá tí kò bá rí i á tètè gbàgbé. Má fi ṣe ìyá ọkọ rẹ ní ìkà. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó ní ìta nígbà tó yá, ó sì sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé wọ́n bá òun náà sin ọmọ kan nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ ní Ìṣẹ́, òun ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin dòní. Mo bi í pé ṣé ó ti gbàgbé. Ó ní kí n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ míì.

Kọ́lé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó gbé ọmọ náà sínú aṣọ, ó ní, "Ta ni ẹbí níbí?" Mo ní èmi ni. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó wúwo, Bọ́sẹ̀. Mo ti rò pé á fúyẹ́. Ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí inú rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ń bọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n ti nu ún ṣùgbọ́n kò tán. Kò wù mí kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò pọndandan o." Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí, ó bu omi wá nínú abọ́ ike, ó ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ọlọ́run bá mi ṣe é lóore.

Mi ò wẹ ọmọ rí láyé mi. Ìyá mi àti ìyá rẹ ló wẹ̀ ọ́, èmi á wà ní pálọ̀, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tí o bá pariwo jù màá ní kí wọ́n rọra. Mo jókòó lórí korobá tí mo dojú rẹ̀ dé. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi wẹ̀ ẹ́, mi ò fi ìka kàn án. Ọmọbìnrin ni, ìyẹn ni wọ́n sọ fún ọ. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni kí o gbọ́ báyìí.

Irun rẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó lọ́ mọ́ra wọn ní ìpàkọ́. Iwájú orí rẹ̀ ga, ti ìyá rẹ gan-an ni, tó jẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbójú kúrò. Etí rẹ̀ òsì ká díẹ̀ lókè bíi ti Kọ́lé. Ó sún ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ìwọ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fún ọ ní ẹ̀kọ tí kò dùn. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Ojú rẹ̀ padé bíi ti ẹni tó sùn lọ nínú ìwàásù. Mo wo gbogbo ara rẹ̀ tọkàntọkàn, kò sí ibì kan tó burú, kò sí ohun tí o ṣe tó hàn lára rẹ̀. Ọmọ tó dáa ni. Mo ń kí i ní oríkì ìyá rẹ bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, torí pé ẹnikẹ́ni ò fún un lórúkọ, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé wọn ò pè é ní nǹkan kan rí. Àjíkẹ́ ni mo pè é.

Tí àlá náà bá tún dé, tí o bá tún pọ̀n ọ́n lọ láàárín kòkó, yí i síwájú, kí o wò ó. Ojú rẹ̀ ni mo kọ sókè yìí. Mo ti bá ọ yà á tán.

Mo mọ ibi tí a tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ní òbí kì í mọ̀ ọ́n. Èmi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá bi mí, a jọ máa lọ. Igi wà níbẹ̀, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó yẹ kí o ti gbọ́ gbogbo èyí tipẹ́. Sinmi díẹ̀, mu omi, kí o tó kà á síwájú.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ ló kàn. Mo gbọ́ pé ó wá láti Ìṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń gbàdúrà pé kí o bí bí àwọn obìnrin Hébérù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi irin kàn ọ́. Ṣe àmín, Bọ́sẹ̀. Àmín kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kí o rántí pé obìnrin Hébérù kan wà tó rọbí lójú ọ̀nà, tó sì kú síbẹ̀, àti pé ká ní dókítà Adó wà nítòsí rẹ̀, mo lérò pé ọkọ rẹ̀ á sáré lọ pè é. Kì í ṣe ẹni tó gba ìrànlọ́wọ́ ni Ọlọ́run ń bínú sí. Má bá màmá jà. Tí ó bá tún dé, bi í léèrè ọmọ tirẹ̀ yẹn pẹ̀lẹ́tù. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ó tún ní ọmọ máa ń mú ọjọ́ ara rẹ̀ ni, èèyàn kì í mú un fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára, torí pé inú ọjọ́ tí a bí ọ ni a ti rí orúkọ rẹ. Ó dáa, jẹ́ kí n tú àṣírí rẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, o sì jókòó pẹ̀sẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbádùn ilé. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ó so omi sí i lápá, ó fi oògùn sí i, ìgbà tí wọ́n sì ń kọrin ìparí ìsìn ní òwúrọ̀ Àìkú lo jáde. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ bóyá Àìkú wù ọ́. A ní Bọ́sẹ̀dé, o sì ń jẹ́ ẹ títí dòní. Ọjọ́bọ̀ náà á ní orúkọ tirẹ̀.

Báyìí mo fẹ́ sọ ti iṣu, ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín, torí lọ́tẹ̀ yìí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. O ti bá mi lọ sóko nígbà tí a bá fẹ́ jẹ iṣu tuntun. Ewé rẹ̀ ṣì tutù nígbà yẹn, ìtàkùn ṣì ń lọ lórí igi, kò sí ẹni tó dúró kó gbẹ. A máa ń tú ẹ̀gbẹ́ ebè jẹ́jẹ́, a fi ọwọ́ wá iṣu náà kàn, a gé e lábẹ́ orí, a gbé e jáde. Orí àti gbòǹgbò wà níbẹ̀, a ò yọ wọ́n. A da erùpẹ̀ padà, a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Tí a bá padà dé nígbà tó yá, ìtàkùn ò rọ, ibẹ̀ tún ti ta iṣu míì. Mi ò sì tíì rí ọmọ Èkìtì kan tó jẹ iyán iṣu yẹn tó ní kì í ṣe iṣu gidi torí pé ọ̀bẹ la fi gbà á. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìwọ kọ́ lo bímọ, fi í sílẹ̀ kó máa wí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, má ṣe bí akíkanjú. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo délé ni mo gbé korobá omi, mo fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí i pé mo ti le, mo sì padà sí ọsibítù bí olè tí wọ́n mú. Tí o bá fẹ́ wúkọ́ tàbí o fẹ́ rẹ́rìn-ín, di pílò mọ́ ojú ọgbẹ́. Tí o bá fẹ́ dìde, fi ẹ̀gbẹ́ dìde. Jẹ́ kí Kọ́lé gbé omi, jẹ́ kó fọ aṣọ, kó sì se oúnjẹ bó ṣe lè sè é. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá pọ̀, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ ọkọ̀, ẹ padà sí Adó. Tí ẹkún bá sì gbé ọ nígbà tí ọmọ wà láyà rẹ, sun ún. Ọmọ méjì lo máa máa rò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó máa jowú èkejì.

Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé gbogbo ẹ̀ á dára. Kò sí lọ́wọ́ mi, ká ní ó wà ni, màá ti fi ránṣẹ́ sí ọ láti ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo máa ṣèlérí. Èmi ni mo máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ní Ọjọ́bọ̀. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ jáde, Bọ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo máa gbé e padà sí. Kò sí àgbàlagbà kan, tọkùnrin tobìnrin, tó máa dá mi dúró. Nítorí náà tún báàgì náà dì.

Ó ku ohun kan. Ìwọ àti Kọ́lé ti ń dààmú nípa ẹni tó máa wẹ ọmọ, torí ìyá rẹ ti lọ, orúnkún ìyá Kọ́lé ò sì jẹ́ kó lè jókòó nílẹ̀. Ẹ ti rí ẹni náà.

Ọmọ Ìyá Ṣẹ́gun tó wà nílé kejì bímọ ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo lọ bá Ìyá Ṣẹ́gun, mo ní kí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Ìyá Ṣẹ́gun wò mí láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, uṣẹ́ ọkùnrin kọ́ nìyí o." Mo ní mo mọ̀. "Gbogbo ulé á rẹ́rìn-ín yín." Mo ní kí wọ́n rín in. Wọ́n sì rín in dáadáa. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé àga wá. Wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀, mo na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò nà tán. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìgúnpá tọ́ omi wò, bí mo ṣe máa ká etí ọmọ kí omi má wọ̀ ọ́, bí mo ṣe máa fi kànìnkànìn rọra gba ọrùn àti abíyá, bí mo ṣe máa na apá rẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n fi òrí pa á. Ìyá Ṣẹ́gun ń gbá mi lọ́wọ́ bí èmi ṣe máa ń gbá àwọn ọmọ iléèwé. "Ẹ má dì í mú bí uṣu."

Nígbà tí omi kan ọmọ náà, ó lanu, ó sì pariwo. Ariwo gidi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ta ẹsẹ̀, ó fi omi kún gbogbo ojú mi. Èmi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Ṣẹ́gun ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn bu omi díẹ̀ sí i fún mi, wọ́n ní, "Ẹ máa wẹ̀ ẹ́ lọ, bàbá." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láràárọ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Mo lá àlá tèmi náà ní àná. Ìyá rẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yìí, ó na ẹsẹ̀, abọ́ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín ń jáde lójú omi bíi kùrukùru òwúrọ̀ yìí. Mo ní, "Ta lo fẹ́ wẹ̀?" Ó kàn sún, ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó.

Nǹkan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Kọ́lé ni abọ́ ńlá àwọ̀ ewé tí ìyá rẹ fi wẹ̀ ọ́. Ó ti sán létí, ṣùgbọ́n kò jò, mo ti wò ó. Gbé e síbi tí o ti lè máa rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lọ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé Emùré, mo máa wá bu omi kún un.

Ọmọ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ láyé mi, omi nìkan ni mo gbọ́. Ọmọ rẹ kejì yìí, tí mo bá ti da omi sí i lórí, tó bá ń ké, ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra. Ẹ jẹ́ kó ké.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.